Ìnáwó Orí Kan

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni Damaris sáré jáde sí ojú títì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun fún ìpara rìláàsà, ó sì já àpò omi gbà lórí èjìká ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Òun ni ó ni ṣọ́ọ̀bù ìṣerun kékeré tí ó dojú kọ ilé tí wọ́n ti ń lọ ata, ní àdúgbò kan ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Lórí àga inú ṣọ́ọ̀bù náà, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Olúfọlákẹ́ jókòó, rìláàsà sì ti pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí rẹ̀. Gbogbo obìnrin tí ó ti na irun rí ni ó mọ̀ pé ìpara náà kò ní sùúrù: bí àkókò rẹ̀ bá pé tí omi kò sì kàn án, awọ orí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ ti jó epo rẹ̀ tán, kò sí ohun tí yóò fa omi sókè láti inú kànga, mẹ́rúwà tí ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kọjá kò sì yọjú.

"Damaris, orí mi ń jó o! Ṣé o fẹ́ kí n padà síléèwé pẹ̀lú orí pípá ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Àǹtí Fọlákẹ́, mo ti rí omi!" Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Bùọ̀dá, ẹ dákun, ẹ má bínú. N ó san owó rẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbé e."

Ọkùnrin náà ga, ó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù, ó ki báírò bọ ẹ̀yìn etí bí káfíńtà. Ẹlòmíràn ìbá ti pariwo olè. Olúgbénró, nítorí orúkọ rẹ̀ nìyẹn, wo ọwọ́ funfun náà, ó wo ojú tí ẹ̀rù àti ìgbéraga ti ń bá ara wọn jà, ó sì tẹ̀lé omi rẹ̀ wọlé láì sọ̀rọ̀. Ó ń fi eyín já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń nà án sí Damaris, Damaris ń fún un sórí Olúfọlákẹ́. Ogún ọ̀rá ni ó wà nínú àpò náà. Kò ku ẹyọ kan.

Nígbà tí orí tutù, Olúfọlákẹ́ mí kanlẹ̀, ó sì nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì ti wẹ̀ mí bí ọmọ tuntun," ni ó wí, "ẹ kò sì tíì kí ara yín."

Ẹ̀rín pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Olúgbénró tó rántí pé òun ń lọ sí ibì kan.

"Èló ni ẹ máa ń ná sórí omi lóṣù?" ni ó béèrè, ní ẹnu ọ̀nà.

Damaris wò ó. Ọdún mẹ́fà ni ó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà; kò sí ẹni tí ó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. "Mo máa ń rà á bí ó bá tán. Ta ni ó ń ka omi?"

"Èmi," ni Olúgbénró dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iṣẹ́ mi ni."

Òótọ́ ni ó sọ. Akọ̀wé ìṣirò ni ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe korobá oníke ní Ìkẹjà. Kí korobá kan tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, Olúgbénró ti mọ iye tí ó ná ilé-iṣẹ́, láti orí ike tí wọ́n yọ́ títí dé orí owó ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ géètì.

Lọ́jọ́ Ajé, Damaris ra àpò omi kan, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń wo títì ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Kò wọ aṣọ tuntun. Ìpara ètè nìkan ni ó fi kún ojú rẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀yẹ́ ni ó fà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀yẹ́ ti lọ.

"Àǹtí, ẹ kò jẹ mí ní gbèsè," ni Olúgbénró wí nígbà tí ó rí àpò náà.

"Èmi kì í jẹ gbèsè. Ẹ gbé omi yín, Bùọ̀dá Akọ̀wé Korobá."

Ó gbé e, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, àwọn méjèèjì sì mu ọ̀rá mẹ́rin nínú ogún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì yẹn di ibùdókọ̀ rẹ̀. Ohun kan wà tí ó máa ń wò láti ibẹ̀. Kí Damaris tó fi ìyàrí kan orí ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, yóò sì mi ètè díẹ̀. Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sì gbà pé ó yẹ kí ènìyàn fọwọ́ kan orí ọmọlàkejì láì wúre fún un. Olúgbénró kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ó mọ̀ pé òun fẹ́ kí ọwọ́ náà wà lórí òun.

"Ẹ̀yin, kí ni ẹ ń wò?" ni Damaris bi í ní ìrọ̀lẹ́ kan, láì yí ojú kúrò níbi irun tí ó ń dì.

"Mo ń ka iye ìgbà tí ẹ rẹ́rìn-ín."

"Ó pé mélòó?"

"Ó ku ọ̀kan."

Ọ̀kan náà sì jáde. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dá, "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn. Olúgbénró a máa pè é ní Adúmáadán. Òun náà a máa pè é ní Akọ̀wé, a sì máa pè é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí obìnrin kì í fi pe akọ̀wé.

Inú oṣù Èbìbí ni Alájì Suara, onílé, wá fúnra rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì fi ìjà bá ayálégbé sọ̀rọ̀ rí.

"Damaris, ọmọ dáadáa ni ẹ́," ni ó wí, ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà rẹ̀ ṣeré. "Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ti wọ́n. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé ọgọ́rin ni ò ń san lọ́dún. Tí ọdún tuntun rẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún ẹgbẹ̀rún ni. Ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù ti wá. Ọdún méjì ló fẹ́ san lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó dúró dè ẹ́."

"Ẹ ṣeun tí ẹ ní kó dúró, Alájì."

"Kò ní dúró kọjá Ọ̀wàrà o."

Nígbà tí ó lọ, Damaris jókòó sórí àga àwọn oníbàárà rẹ̀. Abẹ́ agbòòrùn ní etí títì Agége ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń di irun nínú eruku àti òjò. Ẹ̀rọ ìgbẹrun méjì tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ra wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún méjì wà láàárín wọn. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá lọ, abẹ́ agbòòrùn ni yóò padà sí. Kò ní ọkàn láti sọ èyí jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí Olúgbénró dé ní ìrọ̀lẹ́, ó rí i lójú rẹ̀.

"Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún wà nínú àjọ mi," ni Damaris wí. "N kò mọ ibi tí ìyókù yóò ti wá."

"Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni yóò ti wá," ni Olúgbénró dáhùn. "Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń jẹ. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ abẹ́rẹ́."

Damaris kọ ọ́. Ní gbogbo oṣù Òkúdù, ìwé kékeré kan wà lórí pẹpẹ dígí. Epo jẹnẹrétọ̀ nìkan jẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Omi jẹ ogún. Iná ìjọba, tí kì í wá, jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọṣẹ, ìfọ̀ tówẹ̀lì àti owó tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn. Nígbà tí Olúgbénró fi owó ilé tuntun kún un, tí ó pín in sí oṣù méjìlá, àpapọ̀ rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé mẹ́wàá lóṣù. Orí tí Damaris sì ṣe nínú oṣù náà jẹ́ ogóje.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ni wọ́n jókòó ti ìwé náà. Olúgbénró yọ báírò ẹ̀yìn etí.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà," ni ó wí níkẹyìn. "Kí o tó ṣí ìpara kankan, orí kọ̀ọ̀kan tí ó bá jókòó sórí àga yìí ti ná ọ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Èló ni àwọn ìyá ìjọ yín ń san?"

Àwọn ìyá ìjọ ni àwọn obìnrin tí Rachael, ìyá Damaris, máa ń kó wá láti inú ìjọ. Ogójì ni wọ́n lóṣù, wọn kì í sì í ṣe ju irun dídì lọ.

"Ẹgbẹ̀rún kan. Kòlẹ́sẹ̀ lásán ni, kí ìbòrí wọn lè jókòó dáadáa."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni o ń pàdánù lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ogún ẹgbẹ̀rún lóṣù, Damaris." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí ìdí rẹ̀: *Àwọn ìyá ìjọ: àdánù.*

"Má kọ ọ́ báyẹn."

"Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́? Ìṣirò kò mọ ìyá ẹnìkan."

Damaris pa ìwé náà dé, ó gbé e padà sórí pẹpẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ó fa ojú ìwé náà ya ní ọjọ́ náà ni, ìtàn yìí ìbá kúrú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé e, Rachael wá pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ méjì. Opó ni, ó ń ta pọ̀nmọ́ nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko Ọba, ojú rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ àwọn alápatà lọ. Ìdajì orí rẹ̀ ni Damaris ti dì nígbà tí ooru mú un, tí ó na ọwọ́ sí ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ láti fi fẹ́ ara rẹ̀. Ìwé náà ṣí. Rachael kò dé ilé-ìwé gíga, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni ó ti fi ń ka Bíbélì sókè nínú ìjọ.

"Àwọn ìyá ìjọ," ni ó kà, ketekete. "Àdánù."

Àwọn ìyá ìjọ méjì náà gbé ojú sókè.

"Damaris, ta ni ó ni ọwọ́ ìkọ̀wé yìí?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò lásán ni—"

"Mo bi ọ́ pé ta ni?"

"Gbénró ni, Màámi."

"Èyí tí o ní ó fẹ́ wá mọ ilé." Rachael mi orí, ìdajì kòlẹ́sẹ̀ náà sì ń mì pẹ̀lú rẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Ọkùnrin tí ó bá ń ka omi orí obìnrin, yóò ka iyọ̀ inú ọbẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ kú, ta ni ó ń gbé gàárì wá fún wa? Àdánù ni. Ta ni ó ra ìyàrí àkọ́kọ́ tí o fi kọ́ṣẹ́? Àdánù náà ni."

Ó dìde, ó so ìbòrí rẹ̀ mọ́ orí tí kò tíì parí, ó sì ka owó sórí pẹpẹ.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ lọ́nà mẹ́ta. Iye tí ẹ kọ nìyẹn, àbí? Orí mi kò parí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pé." Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ, ká má baà jẹ ọmọ ọlọ́mọ run."

Nígbà tí Olúgbénró dé ní ìrọ̀lẹ́, ojú Damaris ti wú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí ó burú ju ti ìwé lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ni ó fi ṣe é. Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde.

"Fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ," ni ó wí. "Irinwó ẹgbẹ̀rún ni mo ti kó jọ láti fi fẹ́ ìyàwó. Ṣé ìwọ kọ́ ni ìyàwó náà? Jẹ́ kí n fi ránṣẹ́. San owó ilé, kí a bẹ Màmá, kí ọ̀rọ̀ parí."

Damaris wò ó bí ẹni pé kò rí i rí.

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń fẹ́ obìnrin ní ilé-iṣẹ́ korobá?"

"Adúmáadán, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo—"

"Bí o bá ra ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, kí ni yóò kù tí n ó fi jẹ́ Damaris lọ́la? Ìṣirò ni mo ní kí o bá mi ṣe. N kò tọrọ àánú. Máa lọ, Gbénró. Má yà síbí mọ́ fún ìgbà díẹ̀."

Ó lọ. Ìgbà díẹ̀ náà gba gbogbo oṣù Agẹmọ, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí Damaris kò wo títì nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró. Ní Ìkẹjà, Olúgbénró ṣi ìṣirò ṣe lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá rẹ̀ sì bi í bóyá ibà ni.

Àwọn ìyá ìjọ kò wá mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ṣọ́ọ̀bù a dà bí ilé-ìwé nígbà ìsinmi. Nígbà tí oṣù parí, Damaris jókòó ti ìwé rẹ̀ láti rí èrè tí ó yẹ kí ó wọlé, níwọ̀n ìgbà tí àdánù ti lọ. Orí tí ó ṣe jẹ́ ọgọ́rùn-ún péré. Epo kò dín, omi kò dín, owó ilé kò dín. Orí kọ̀ọ̀kan, tí ó ti ń ná an ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, ti wá ń ná an ní ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọgọ́rùn-ún. Ó ṣe ìṣirò náà nígbà mẹ́ta. Báwo ni àdánù ṣe lè kúrò nílé kí ẹrù ilé sì wúwo sí i?

Ìdáhùn náà kò sí nínú ìwé. Ẹ̀yìn ló ń dun Rachael ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún, Damaris sì bá a lọ sí Oko Ọba ní ìdájí láti bá a ru pọ̀nmọ́. Ọ̀rọ̀ kò tíì dán mọ́rán láàárín wọn. Níwájú wọn, obìnrin kan tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé ń bá alápatà jà.

"Ẹ ní iye báyìí lẹ ra màlúù," ni obìnrin náà ń wí. "Ẹ pín in sórí kílò, kí awọ àti itan jẹ́ iye kan náà. Ìyẹn ni òótọ́!"

Alápatà bú sẹ́rìn-ín. Rachael pàápàá, tí ẹ̀yìn ń dùn, rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, màlúù kì í gba ìpín dọ́gba," ni ó wí fún obìnrin náà. "Ẹni tó bá pín owó màlúù bákan náà sórí gbogbo ara rẹ̀, yóò ta awọ lọ́wọ̀n-ọ́n, kò ní rí ẹni rà á. Yóò ta itan lọ́pọ̀, wọn yóò gbá a tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì ní rí owó màlúù kejì rà. Kí olúkúlùkù ẹran ru owó ara rẹ̀."

Damaris dúró gbagidi, agbada pọ̀nmọ́ lórí.

"Kí ló dé? Ó wúwo ni?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Rárá, Màámi. Ẹ tún un sọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkẹjà, ó sì dúró sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ korobá pẹ̀lú ìwé rẹ̀ láyà. Nígbà tí Olúgbénró jáde láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó rí i, ó dúró bí ẹni tí iná gbé.

"Damaris. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ìṣirò rẹ kò tọ̀nà," ni Damaris wí.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà nítòsí dín ìrìn wọn kù.

"Àwọn orí tí mo ń fọ̀, tí mo ń na irun wọn, tí mo ń gbẹ, mélòó ni wọ́n lóṣù?"

"Ọgọ́ta," ni Olúgbénró dáhùn. Kò tíì gbàgbé.

"Ta ni ó ń jó epo? Ta ni ó ń lo omi?"

Olúgbénró na ọwọ́ sí ìwé náà, ṣùgbọ́n Damaris kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Àwọn náà ni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà lórí ọgọ́ta orí. Ẹgbẹ̀rún méjì ni orí kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ lórí epo àti omi nìkan, n kò sì gba iye tí ó tó lọ́wọ́ wọn. Kòlẹ́sẹ̀ kì í mu epo, Gbénró. Kì í mu omi. Ìka mi àti ìyàrí ni. Àwọn ìyá ìjọ ń bá mi san owó ilé ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í wá. Àwọn ni o pè ní àdánù!"

Olúgbénró gba ìwé náà. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó ṣí ojú ewé kejì, ó tún padà. Nígbà tí ó gbé ojú sókè, ìtìjú àti ayọ̀ wà nínú rẹ̀ papọ̀.

"Gbogbo korobá ni ó ń gba ẹnu ẹ̀rọ kan náà kọjá," ni ó wí, jẹ́jẹ́. "Mo fi ojú korobá wo orí ènìyàn. Mo ṣì í, Damaris. Mo ṣi ti owó ọjọ́ náà pẹ̀lú."

"Ìyẹn ni mo wá gbọ́."

"Ṣé o lè jókòó sí ọ́fíìsì wa? Wọ́n nílò ẹni tí ó lè ká mi lọ́wọ́ kò."

"Mo ní iṣẹ́," ni ó dáhùn, ẹ̀rín sì yọ ní igun ẹnu rẹ̀. "Tètè bọ́ sínú kẹ̀kẹ́. Ẹnìkan wà tí o ní láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún."

Ní ẹ̀yìnkùlé Rachael, níbi tí ó ti ń bó pọ̀nmọ́ tí ó rẹ sínú omi, Olúgbénró dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tútù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ yín, mà. Mo kọ yín sílẹ̀ ní òdì kejì ohun tí ẹ jẹ́. Ọmọ yín ni ó fi hàn mí."

Rachael kò ní kí ó dìde. Ó ń bó pọ̀nmọ́ lọ. "Ta ni ó fi han ọmọ mi?"

"Ó ní ẹ̀yin ni, mà. Ní Oko Ọba."

"Ẹ̀hẹ́n." Ọ̀bẹ dúró. "Nítorí náà, kì í ṣe kíka ni ó burú."

"Rárá, mà. Mo kà á láì wo ẹni tí mo ń kà."

Obìnrin náà wò ó. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó mọ̀ ọ́n rò, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè la ẹnu sọ pé àwọn ṣìnà kò pọ̀ lójú rẹ̀.

"Dìde," ni ó wí. "Omi pọ̀nmọ́ yóò ba aṣọ rẹ jẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn ìyá ìjọ padà, wọ́n sì kó àwọn akọrin mọ́ra wá. Damaris fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ètò ṣọ́ọ̀bù náà ṣe, Olúgbénró jókòó tì í, kò sì sọ̀rọ̀ àfi bí ó bá bi í. Ọjọ́bọ̀ títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni yóò máa fọ irun, tí yóò máa nà án, kí jẹnẹrétọ̀ lè sùn ní ọjọ́ yòókù. Irun dídì ni ó ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Iye kòlẹ́sẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n rìláàsà fi ẹgbẹ̀rún méjì gun òkè.

"Ẹgbẹ̀rún méjì!" ni Olúfọlákẹ́ ké. "Damaris, ṣé o ti ń fi wúrà na irun ni?"

"Epo ni, Àǹtí. Mo ti ń bá yín san án láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀ ni."

Olúfọlákẹ́ kùn, ó sì san án. Ẹni méjì ni kò padà wá. Àwọn yòókù kùn bíi tirẹ̀, wọ́n sì jókòó. Oṣù Ògún parí pẹ̀lú àjẹkù, Ọwẹ́wẹ̀ sì jù ú lọ. Nínú oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó parí, Damaris tẹ fóònù rẹ̀ níwájú Alájì Suara, owó ilé ọdún kan sì wọ àkáǹtì onílé náà pé pérépéré. Inú àjọ àti inú ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

"Máṣáà Allah," ni Alájì wí, ó wo ara ògiri yíká bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ṣọ́ọ̀bù náà. "N ó sọ fún ọmọ oní-fóònù kó wá ibòmíràn. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

Olúgbénró jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní gbogbo ìgbà náà, ó di ọwọ́ mú láàárín eékún. Nígbà tí Alájì lọ, ó wọlé.

"Mo ti bi ọ́ ní nǹkan kan rí," ni ó wí, "mo sì bi ọ́ bí ẹni ń ná ọjà. Ṣé o lè jẹ́ kí n tún un bi?"

"Bi mí."

"Damaris, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Damaris bọ́ épírọ̀nù iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àga. "Ká ní mo gbà nínú oṣù Agẹmọ, n kì bá tí mọ̀ láéláé bóyá ìfẹ́ ni tàbí owó ilé. Lónìí, n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi dúró." Ó sún mọ́ ọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé orí Olúgbénró, ètè rẹ̀ sì mì díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Akọ̀wé mi. Mo gbà ọ́. Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Wọ́n wá. Ọ̀rọ̀ dùn, ọbẹ̀ dùn, títí ó fi kan yíyan ọjọ́ ìgbéyàwó. Tọmọdé tàgbà ní ìdílé méjèèjì ń wí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Sátidé," ni Damaris wí láti orí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. "Sátidé ni ó ń san owó epo."

"Ọjọ́ wo wá ni?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màámi."

"Ta ni ó ń gbéyàwó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù."

Gbogbo ilé wo Rachael. Rachael wo ọmọ rẹ̀, ó wo àna rẹ̀ tí ń gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn lórí àga. "Ó ti ṣírò rẹ̀ kí ó tó wọlé," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa jẹun."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, àwọn tí ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà rí páálí kan lára ilẹ̀kùn: *A ti lọ ṣe ìgbéyàwó. A ó ṣí lọ́la, aago mẹ́jọ.* Ní Ìkẹjà, níwájú akọ̀wé ìjọba tí ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, ìyàwó wọ aṣọ funfun, àwọn ìyá ìjọ sì kún àga lẹ́yìn rẹ̀, orí gbogbo wọn dì dáadáa lábẹ́ ìbòrí.

"Iṣẹ́ ìyàwó?" ni akọ̀wé ìjọba béèrè, láì gbé ojú sókè.

"Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun," ni Damaris dáhùn, ó sì dúró títí ó fi kọ ọ́ tán.

"Iṣẹ́ ọkọ?"

"Akọ̀wé ìṣirò," ni Olúgbénró wí. Ó wo obìnrin tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Òun ni ó ń yẹ ìṣirò mi wò."